Orúkọ Tí Mo Kọ Sínú Ẹ̀rọ Dókítà

                                        Ilé Gígùn Senabong,
                                        Ẹnu Odò Mejawai,
                                        Òkè Odò Rejang,
                                        Sarawak.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2023.

Sendi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni ilé? Báwo ni gbogbo ará ilé gígùn yín lókè odò? Ṣé orúnkún bàbá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀, àbí òjò yìí tún ti dá a padà sórí ẹní? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Oko ata yín ńkọ́? Mo gbọ́ pé omi dé abẹ́ ilé yín náà, débi tí ẹlẹ́dẹ̀ fi ń lúwẹ̀ẹ́. Mo ní ìrètí pé kò gbé ohunkóhun lọ ju àtẹ̀gùn yẹn tó ti jẹrà tẹ́lẹ̀. Ẹ kú ọ̀rinrin, ẹ kú ìfaradà. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyàwó Tambong àbúrò mi ti bí ọkùnrin, ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, ọmọ ń mu ọmú dáadáa. Ìyá mi náà wà. Bí mo bá ní gbogbo wa la wà lálàáfíà, irọ́ ni mo pa, ìdí tí mo sì fi jókòó kọ lẹ́tà yìí nìyẹn.

Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ti fà á ya lẹ́ẹ̀mẹta. Mengiring tó máa bá mi mú un bọ̀, tó fẹ́ gba ọ̀nà orí òkè wá wo àwọn àna rẹ̀ lọ́dọ̀ yín ní òun ò ní dúró dè mí ju ìrọ̀lẹ́ òní lọ. Tí o bá rí ibi tí mo ti pa ọ̀rọ̀ rẹ́, má bínú. Má sì ka lẹ́tà yìí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ o. Wọ yàrá rẹ, ti ilẹ̀kùn, kí o tó ka ìyókù.

Mo gbọ́ pé oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbé ẹ̀rọ dókítà dé ọ̀dọ̀ yín, àti pé ìwọ ni wọ́n yàn láti máa bójú tó o. Inú mi dùn, mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìwọ tí o máa ń sùn lórí àga nígbà tí a jọ ń kọ́ iṣẹ́ olùtọ́jú abúlé nílùú, tí olùkọ́ fi sọ ọ́ ní Ìyá Oorun! Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi. Ohun tí ojú mi rí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí, n kò fẹ́ kí ojú rẹ rí i.

Ẹ̀rọ náà dára. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí o má baà rò pé orí mi ti yí. Wọ́n gbé abọ́ funfun kan sórí òrùlé, wọ́n gbé ojú ẹ̀rọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn Baálé Senabong. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, dókítà á yọjú láti ìlú, àwọn aláìsàn á tò síwájú rẹ̀ lórí ẹní. Èmi á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, èmi á gbé ẹ̀rọ sún mọ́ egbò, èmi náà ni màá túmọ̀ èdè wa sí èdè Màléè, kí n tún túmọ̀ ti dókítà padà fún wọn. Oògùn á bá ọkọ̀ ojú omi dé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á ti kọ orúkọ oníkálukú sára àpò rẹ̀. Ẹsẹ̀ Bàbá Bundan tí wọn ì bá ti gé, ẹ̀rọ yìí ló gbà á sílẹ̀. Ìrìn wákàtí mẹ́fà lórí omi nítorí ibà lásán, a ti gbàgbé rẹ̀. Àwọn obìnrin tí ojú ń tì láti sọ àìsàn abẹ́ aṣọ wọn, wọ́n ń sọ ọ́ fún ojú inú gíláàsì bí ẹni ń bá àbúrò wọn sọ̀rọ̀. Mo gbéra ga nígbà yẹn, mi ò ní purọ́. Wọ́n ń pè mí ní igbákejì dókítà, mo sì ń dáhùn.

O rántí àkọ́bí Tambong, ọmọ ọdún mẹ́fà tí eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti yọ, tó máa ń gun ẹ̀yìn rẹ bí o bá wá kí wa. Orúkọ àkọ́kọ́ rẹ̀, o mọ̀ ọ́n. N kò ní kọ ọ́ síbí, o ó sì rí ìdí rẹ̀. Ní oṣù kẹta, gìrì mú un lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan. Dókítà Ting, obìnrin tó kọ́kọ́ ń bá wa sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ, kọ oògùn fún un. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá, ara ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ètè rẹ̀ wú, ó lé ròrò, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò ní ilé ìwòsàn ńlá nílùú kí ó tó bọ́ nínú rẹ̀. Dókítà Ting ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, pé oògùn náà kàn kórìíra ẹ̀jẹ̀ àwọn kan lára wa ní apá ibí yìí. Ó fi àwọ̀ pupa kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ ọmọ náà nínú ẹ̀rọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fún un mọ́ láéláé. Ó tún fún wa ní káàdì kan pé kí a máa mú un dání. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Ubong, tó bá tún wọ ara rẹ̀, kò ní fún wa láyè bíi ti àkọ́kọ́ o."

Nígbà tí gìrì kékeré kan tún ṣe é ní oṣù keje, ìyá mi ní ó tó gẹ́ẹ́. O mọ bí a ṣe ń ṣe é, ẹ̀yin náà ń ṣe é lọ́dọ̀ yín. Ohun tí ń dá ọmọ náà lóró ti mọ orúkọ rẹ̀, orúkọ náà ló sì ń tẹ̀ lé wá sílé, nítorí náà kí ọmọ má jẹ́ ẹ mọ́. Wọ́n gbé àkùkọ yí orí rẹ̀ ká, wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹyin kalẹ̀ fún àwọn tí a kì í rí, wọ́n kó aṣọ rẹ̀, ẹní rẹ̀ àti ohun gbogbo tí orúkọ náà wà lára rẹ̀ sórí pákó, wọ́n tì í sínú odò. Káàdì Dókítà Ting bá wọn lọ. Mo dúró níbẹ̀, mo rí i tó ń léfòó lọ, mi ò sì wí nǹkan kan. Langau ni wọ́n wá sọ ọmọ náà, eṣinṣin orí ohun tó ti jẹrà, kí ohun tó ń wá a lè gbọ́ ọ kó sì yínmú. Ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó ń sáré káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń kùn sí wa létí bí eṣinṣin.

Ìyá mi mú un jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún un lójú gbogbo wa. "Bí ẹnikẹ́ni bá fi ti àtijọ́ pè ẹ́, o ò gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Bó bá na omi sí ẹ, bó bá na oúnjẹ sí ẹ, pa ẹnu ẹ dé. Kì í ṣe èèyàn."

Ọmọ náà bi í pé, "Ìyá àgbà, tó bá wá jọ èèyàn ńkọ́?"

"Ìyẹn gan-an ló burú jù."

A rẹ́rìn-ín, Sendi. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló rẹ́rìn-ín. Tambong kò sí níbẹ̀. Ó ti padà sí àgọ́ àwọn agégẹdú lẹ́yìn àjọ̀dún ìkórè, ibi tí fóònù kì í wọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì rí ọ̀nà ránṣẹ́ sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù yìí ni gìrì gidi padà dé. Dókítà Ting ti lọ ṣiṣẹ́ ní ibòmíràn. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Dókítà Hazwan ló rọ́pò rẹ̀, onísùúrù èèyàn, tó máa ń kí gbogbo ilé kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀rọ ní kí n kọ orúkọ. Ọmọ náà kò níwèé ìbí, o mọ bí ọ̀rọ̀ ìwé ṣe rí fún àwọn tí a bí sí òkè odò. Orúkọ, ọjọ́ orí àti ilé nìkan ni ẹ̀rọ fi mọ̀ wọ́n. Ìyá mi jókòó tì mí, orúnkún rẹ̀ kan tèmi. Langau ni mo kọ. Ẹ̀rọ ní òun kò rí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé kí òun ṣí ojú ewé tuntun? Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Dókítà Hazwan béèrè bóyá ọmọ náà ti lo oògùn gìrì rí. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi.

Ó ní, "Langau? Langau ò lo oògùn kankan rí láyé ẹ̀."

Mo wo ìyá ọmọ náà. Ìbímọ ti rẹ̀ ẹ́, ọmọ titun wà lọ́mú rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́lẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń hun ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń hun ún lọ. Gbogbo wọn mọ̀, èmi náà mọ̀. Èmi ni mo gbé ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bó ní oṣù kẹta. Mo kọjú sí ẹ̀rọ, mo ní, "Rárá o, Dókítà, kò lò ó rí."

Má bi mí pé ṣé mo gba ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn gbọ́. Mo gbà á gbọ́, mi ò sì gbà á gbọ́. Lójú ìyá mi, kì í ṣe irọ́: ẹni tó lo oògùn yẹn ti lọ, eṣinṣin ló kù. Ní tèmi, mo sọ fún ara mi pé màá pe dókítà padà nígbà tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá ṣófo. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò ṣófo lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì, òjò bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ kò gbé nǹkan kan fún ọjọ́ mẹ́ta. Kí ó tó là, ọkọ̀ ti gbé oògùn dé. Ti oṣù kẹta jẹ́ hóró funfun, èyí sì jẹ́ olómi pupa nínú ìgò, tó ń ta sánsán bí èso. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní wọn ò jọra rárá, kò lè jẹ́ oògùn kan náà. Èmi tí mo kọ́ iṣẹ́ yìí, èmi ni mo ń fi àwọ̀ dá oògùn mọ̀! Ọwọ́ mi gan-an ni mo fi fún un ní ṣíbí àkọ́kọ́. Ó lá ṣíbí náà mọ́ tónítóní, ó ní kí n fún òun sí i.

Ọjọ́ kẹta ni. Mo ń bọ̀ láti odò nígbà tí ìyàwó Tambong pè mí. Kí n tó dé ìdí ẹní náà, mo ti mọ̀. Ètè rẹ̀ ti lé ròrò. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ní oṣù kẹta, ó gba ọjọ́ méjìlá kí ó tó rí bẹ́ẹ̀.

Mo gbé e dé iwájú ẹ̀rọ, mo pe nọ́ńbà pàjáwìrì. Dókítà Hazwan wò ó, kò kí ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ó ní òun máa rán ẹlikọ́pítà. Lẹ́yìn náà mo rí i tó ń wo nǹkan mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń kà á lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹ̀gbọ́n Ubong, mo rí ọmọbìnrin kan nínú ìwé wa. Ilé yín kan náà. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Gìrì, oògùn yìí kan náà, ara bíbó. Ṣé ìbejì rẹ̀ ni?"

Mo ní, "Dókítà, ọmọ kan ṣoṣo ni."

"Báwo ló ṣe jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo? Langau lẹ kọ síbí. Tibí yìí ń jẹ́..."

Ó sì ka orúkọ náà jáde. O mọ bí ohùn ẹ̀rọ yẹn ṣe máa ń lọ sókè, a ti gbé e sókè nítorí etí Bàbá Bundan. Láti ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, gbogbo ilé gígùn ló gbọ́ ọ. Àwọn obìnrin dìde kúrò nídìí ẹní wọn. Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì bo etí ọmọ náà, ṣùgbọ́n ọmọ ti gbọ́. Mo rí i lójú rẹ̀. Dókítà tún bi mí pé ṣé òun náà ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá mi kò pariwo. Ó kàn wò mí. "Ìwọ lo sọ ibi tí ọmọ wà fún ohun tó ń wá a." Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ kẹjọ rèé, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹlikọ́pítà bà sí pápá lẹ́yìn ilé pẹ̀lú aláìsàn méjì tí wọ́n ti gbé láti ibòmíràn. Nọ́ọ̀sì ní kò sí àyè fún ará ilé, òjò sì ń ṣú bọ̀. Wọ́n gba ọmọ náà lọ́wọ́ wa, wọ́n gbé e lọ ní òun nìkan. Baálé ti ránṣẹ́ sí àgọ́ agégẹdú lórí rédíò pé kí Tambong lọ pàdé rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Àwa fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n odò ti kún dé etí, gẹdú ńláńlá ń já bọ̀ lórí rẹ̀. Baálé ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tú ọkọ̀.

Ọkàn mi fẹ́ balẹ̀ díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ pé Tambong ti dé ibẹ̀. Mo ní ó kéré tán, bàbá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sendi, mi ò rò ó jinlẹ̀. Níjẹta, nọ́ọ̀sì kan pè wá lórí ẹ̀rọ. Ó ní ọmọ náà kò jẹun, kò mu omi, bí wọ́n bá gbé ṣíbí sún mọ́ ọn, á pa eyín pọ̀. Wọ́n fi rọ́bà sí i nímú láti máa fi fún un ní omi, ó fà á yọ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n bá pè é, kì í dáhùn, àwọn ń bẹ̀rù pé ó ti kan ọpọlọ rẹ̀. Mo bi í pé orúkọ wo ni wọ́n ń pè é. Ó sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ti da ojú ewé méjèèjì pọ̀ nínú ẹ̀rọ, ti àkọ́kọ́ ni wọ́n sì fi sókè.

Nọ́ọ̀sì náà wá yí fóònù rẹ̀ sí ibùsùn. Ojú ọmọ náà wú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì tán, wọ́n fi aṣọ funfun wé apá rẹ̀ títí dé ìka. Tambong jókòó tì í, irùngbọ̀n ti kún ẹnu rẹ̀, ó di kọ́ọ̀bù omi mú, ó ń bẹ̀ ẹ́. Orúkọ yẹn náà ni òun náà ń pè. Òun ló fún un ní orúkọ náà, kò mọ òmíràn. Mo pariwo mọ́ ọn pé kí ó má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́, mo sì ṣàlàyé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ní kẹ́ ẹ yí orúkọ ọmọ mi padà lẹ́yìn mi?" Kò sí àkókò ìjà. Ó tẹ̀ sílẹ̀, ó rọra pè é ní Langau.

Ọmọ náà gbọ̀n. Ètè rẹ̀ tó ti bó mì. Nọ́ọ̀sì gbé fóònù sún mọ́ ọn, a sì gbọ́ ohun tó sọ, gbogbo àwa tí a wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Ó ti mọ tuntun náà."

Tambong ní, "Èmi ni o, bàbá ẹ ni."

Ó ní, "Ojú bàbá mi ló wọ̀."

Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́, ó sì fún eyín pọ̀ padà. Tambong sunkún bí ọmọdé lójú ẹ̀rọ, omi inú kọ́ọ̀bù dà sí i lẹ́sẹ̀. Dókítà Hazwan bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà. Ó ní ibi tí awọ ti bó kò tíì burú kọjá àtúnṣe, ṣùgbọ́n omi ń jáde lára ọmọ náà, kò sì jẹ́ kí omi wọlé, abẹ́rẹ́ ojú iṣan kò dúró mọ́ lára tó ti bó. Ó ní bó bá rí báyìí títí ọjọ́ mẹ́rin, kíndìnrín rẹ̀ kò ní lè gbé e. Ọjọ́ méjì ti lọ nínú mẹ́rin náà.

Mo bẹ ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lójú gbogbo ilé, kí ó wá síwájú ẹ̀rọ, kí ó sọ fún ọmọ náà pé kó mu omi. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú. Inú bí mi sí i, inú sì bí mi sí ara mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní mo sọ gbólóhùn kan péré fún dókítà lọ́jọ́ náà, kódà kí n yọ́ ọ sọ, ọmọ náà ì bá wà níbí lónìí tó ń kùn sí mi létí.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí, Sendi. Kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ yín, wọ yàrá wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bá àwọn ìyá àti ìyá àgbà jókòó, kí o béèrè ẹni tí a ti yí orúkọ rẹ̀ padà. Bí wọn kò bá fẹ́ pe ti àkọ́kọ́ jáde, jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ sí ọ létí tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sórí bébà. Kọ méjèèjì pọ̀ sínú ìwé kan tí ìwọ nìkan á máa fi pamọ́, kí dókítà mọ̀ ṣáájú, kí ó sì mọ èyí tí kò gbọ́dọ̀ pè sókè. Má ṣe é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láé. Mo yẹ ìwé tiwa wò lánàá. Ọmọ mẹ́rin àti àgbàlagbà kan ló tún ní ojú ewé méjì, gbogbo wọn ló sì ń lo oògùn. N kò tíì mọ èyí tí wọ́n gbé fún ẹni tí kò yẹ. Ẹ̀rù ń bà mí láti wò ó tán.

Bá mi kí bàbá rẹ, kí o fi òróró pa orúnkún rẹ̀. Kí ọkọ rẹ, kí o sọ fún un pé mo gbọ́ pé ó ti daṣọ bo ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀ nígbà òjò yìí, ó ṣe dáadáa. Bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Mo ti fẹ́ kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ kí n sì pe Mengiring, àfi bí ilẹ̀kùn mi ṣe ṣí.

Ìyá mi ni. Ọjọ́ kẹjọ rèé tí kò wọ yàrá mi. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, ó sì ti di irun rẹ̀.

"Omi ti fà díẹ̀," ó ní. "Sọ fún Baálé kó tú ọkọ̀ fún wa láàárọ̀ ọ̀la."

"Ìyá, gẹdú ṣì ń ṣàn lórí ẹ̀."

"Mo rí i. Ojú mi ò tíì fọ́."

Mo ní kí ó jẹ́ ká lo ẹ̀rọ, pé kò ní gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ọmọ náà á gbọ́ ohùn rẹ̀, á mu omi.

"Ojú tí kò ní ara lẹ́yìn!" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Irú ẹ̀ gan-an ni mo ní kó má dá lóhùn. Ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn mí. Èmi ni mo kọ́ ọ, èmi ni màá lọ sọ fún un pé ó ti tó."

Mo bi í pé orúkọ wo ló fẹ́ pè é, nígbà tí méjèèjì ti ń ba ọmọ náà lẹ́rù. Ó ní ti àkọ́kọ́ ni, èyí tí Tambong fún un lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun máa pè é, láti ẹnu ọ̀nà yàrá náà, kí ó lè jẹ́ pé bí ohun tó ń wá a bá gbọ́ tó sì dé, òun ló máa kọ́kọ́ bá níbẹ̀.

Mo gba apẹ̀rẹ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀, torí ó wúwo jù fún un. Mo yẹ inú rẹ̀ wò. Ìrẹsì wà níbẹ̀, aṣọ ìyípadà kan, àti nísàlẹ̀ pátápátá, aṣọ pupa tó fi ọdún méjì hun, èyí tó ti ní kí a fi sin òun. Mo bi í pé ta ló ń kó ìyẹn lọ fún.

"Tèmi ni," ó ní. "Ó ti gùn jù fún ọmọdé."

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tó ń ronú rẹ,

Ubong